Contender, G2 tàbí Encore: Ìfiwéra Ìbọn Ìléwọ́ Ọlọ́ta Kan fún Ẹni Tí Ojú Rẹ̀ Ń Ṣe Bàìbàì

Bí ojú ẹni tí ó ń yin ìbọn ìléwọ́ bá ti ń ṣe bàìbàì, ìbọn náà ni yóò kọ́kọ́ fi hàn án. A ṣì lè fi awò ojú kàwé, a ṣì lè wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n irin ìwò kékeré tí ó wà ní imú ìbọn, tí a ti ń rí kedere láti ọdún pípẹ́, yóò di ohun dúdú kan tí etí rẹ̀ kò gún mọ́. Ọmọ ọdún 47 ni mo wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní pápá ìyìnbọn kan ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí mò ń gbé. Láti ìgbà náà, mo ti ra oríṣi mẹ́ta nínú àwọn ìbọn ọlọ́ta kan (ọta kan ṣoṣo ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan) tí a lè pààrọ̀ ọ̀pá wọn, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, mo ti ta ọ̀kan nínú wọn ní àdánù, owó tí mo sì fi ra awò ìbọn tí kò wúlò fún mi tó owó ìbọn kan gédégédé. Nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, tí òfin ìpínlẹ̀ wọn gbà wọ́n láyè, tí wọ́n sì fẹ́ ra irú ìbọn yìí fún pápá tàbí fún ọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ilé iṣẹ́ Thompson/Center ni ó ṣe gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Warren Center ni ó ya àwòrán Contender àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 1967 láti ìlú Rochester ní New Hampshire. Encore, tí ó tóbi tí ó sì lágbára jù ú lọ, dé lẹ́yìn náà, G2 sì ni Contender tí wọ́n tún ṣe. Smith & Wesson ra ilé iṣẹ́ náà ní 2007, ó sì kéde ní 2021 pé òun yóò tà á. Nítorí náà, àlòkù ni ẹ óò máa bá pàdé jùlọ, ẹni tí ó bá sì ń ra àlòkù gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń wá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń tà á.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ló dé tí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa kò ra ìbọn gígùn. Ìdáhùn mi ni pé ìdí ìbọn gígùn a máa so ojú ẹni mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé e sí èjìká ọ̀tún, ojú ọ̀tún ni ẹ óò fi wò ó, ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀. Ojú ọ̀tún mi ni àrùn glaucoma kọ́kọ́ kọlù. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í sì í dun ẹni títí yóò fi jẹ apá kan nínú ìríran lọ, nítorí náà kí olúkúlùkù lọ ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí ojú ọ̀tún mi kò ṣeé gbára lé mọ́, ọwọ́ ọ̀tún kan náà ni mo ṣì fi ń yin Contender mi. Mo kàn sún ìbọn náà díẹ̀ sí òsì lórí apá mi méjèèjì tí mo nà, ojú òsì sì gba iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kankan lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan, nítorí pé abẹ́ ni a ti ń fa irin tí ó yí ibi ìfà ìbọn ká láti ṣí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ awò ni ọ̀rọ̀ tí ó ná mi lówó, èmi yóò sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Irin ìwò tí ó máa ń wà lórí ìbọn ń béèrè pé kí ojú rí ohun mẹ́ta tí wọ́n jìnnà síra: irin ẹ̀yìn, irin iwájú, àti ohun tí a fẹ́ yin. Ojú ọ̀dọ́ a máa fò láti ọ̀kan sí èkejì tí ẹni tí ó ni ín kò ní mọ̀. Ojú àgbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé nǹkan tí ń bẹ nínú ẹyin ojú tí ó ń yí ara rẹ̀ padà láti rí ohun itòsí ti le. Ẹni tí wọ́n bá sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n fi awò tuntun tí ó ń rí ọ̀nà jíjìn sínú ojú rẹ̀, yóò rí ẹlẹ́dẹ̀ igbó kedere ṣùgbọ́n kò ní rí imú ìbọn rẹ̀. Awò ìbọn a máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí ojú kan ṣoṣo: àmì àgbélébùú inú rẹ̀ àti ohun tí à ń wò yóò hàn pa pọ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ gbà mí níyànjú láti rà ni awò tí ó ń fi tótó iná pupa hàn, ìyẹn àmì iná roboto kékeré kan tí à ń gbé lé ohun tí a fẹ́ yìn (red dot). Mo ra èyí tí owó rẹ̀ wọ́n, mo gbé e sójú, ohun tí mo sì rí kò jọ tótó rárá. Ó jọ ẹja tí ìrù rẹ̀ fọ́nká, bí mo bá sì yí orí, ìrù náà yóò yí pẹ̀lú mi. Mo dá a padà, mo gba òmíràn, bákan náà ni. Dókítà ojú mi ni ó ṣàlàyé fún mi pé iwájú ẹyin ojú mi kò yípo dọ́gba, àìsàn tí wọ́n ń pè ní astigmatism, pé ojú mi ni ó ń fọ́n iná náà ká. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tó san owó irú awò yìí, kí ẹ gbé e sójú nínú ilé ìtajà, kí ẹ tún fi fóònù ya àwòrán tótó náà. Bí ó bá yípo nínú àwòrán ṣùgbọ́n tí ó fọ́nká lójú yín, kò sí ẹni tí yóò lè tún un ṣe fún yín lára awò náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo bọ́ sínú àṣìṣe tí ó tóbi jù. Mo ra Encore kan tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 15, ti ọta .308, mo sì fi awò tí ó ń sọ nǹkan di ńlá láti ìlọ́po méjì sí ìlọ́po méje lé e lórí, nítorí mo rò pé bí ojú bá ṣe ṣàárẹ̀ tó ni awò ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ìrònú yìí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ wò ó: bí ẹ bá pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú awò pẹ̀lú agbára rẹ̀, ẹ óò mọ bí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde wá sí ojú ṣe fẹ̀ tó. Awò mílímítà 32 tí a gbé dé ìlọ́po méje yóò fúnni ní ìmọ́lẹ̀ tí kò tó mílímítà márùn-ún. Awò kékeré mílímítà 20 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì péré yóò fúnni ní mílímítà mẹ́wàá. Lórí ìbọn gígùn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fara ti ìdí rẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò ní pọ̀ lójú yín. Ṣùgbọ́n ní òpin apá méjèèjì tí a nà, níbi tí ọwọ́ ti ń mì díẹ̀díẹ̀, mílímítà mẹ́rin ààbọ̀ dà bí ihò kọ́kọ́rọ́. Mo máa ń gbé ìbọn náà sókè, òkùnkùn ni màá rí, màá wá a sí òsì, màá wá a sí ọ̀tún, nígbà tí màá sì fi rí i, ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ inú igbó lọ. Àkókò òjò kan gbáko ni mo lò báyìí. Nígbà tí mo sì rí i yìn, ọta .308 láti inú ọ̀pá kúkúrú a máa dún tìkàtìkà, ìbọn a sì máa ta sókè débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé kí n tó fà á. Ẹni tí ó ń pa ojú dé kò nílò awò kankan.

Mo ta Encore náà pẹ̀lú awò rẹ̀, mo pàdánù ju 400 dọ́là lọ. Mo padà sọ́dọ̀ Contender àtijọ́ kan, ọ̀pá ínṣì 14, ọta 7mm TCU tí títa rẹ̀ kò le, mo sì fi awò ìlọ́po méjì tí a kò lè yí agbára rẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé e sókè, àwòrán sì ti wà níbẹ̀ kí n tó ronú. Àwọn kan á ní ìlọ́po méjì kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ IHMSA, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ìbọn ìléwọ́ díje láti yin irin onírìísí ẹranko. Ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, ni ó sọ Contender di ìlú-mọ̀ọ́ká. Irin onírìísí adìẹ ni wọ́n ń yìn ní mítà 50, ẹlẹ́dẹ̀ ní 100, tòlótòló ní 150, àgbò ní 200, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lo awò rárá. Èmi tí mi ò yin ohunkóhun kọjá mítà 100, ìlọ́po méjì tó mi.

Ohun kan tí mo mọrírì rẹ̀ gidigidi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé orí ọ̀pá ni awò ń jókòó, kì í ṣe lórí ara ìbọn. Bí ẹ bá yọ ọ̀pá, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú awò rẹ̀, bí ẹ bá sì dá a padà, yóò ṣì máa yìn síbi tí ẹ fi í sí. Mo ti gbìyànjú rí láti fi awò kan ṣoṣo sin ọ̀pá méjì kí n lè ṣọ́ owó ná. Owó ọta tí mo ń yìn láti fi tún awò náà tò ní gbogbo ìgbà tí mo bá pààrọ̀ ọ̀pá ti ju owó awò kejì lọ kí ọdún tó parí. Ẹ ra ọ̀pá díẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní awò tirẹ̀. Ẹ tún wo ihò ìdè awò tí ó wà lórí ọ̀pá àlòkù, nítorí pé ti àwọn ọ̀pá àtijọ́ kan kò pé bíi ti àwọn tuntun.

Àwọn ìyàtọ̀ yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pá Contender àtijọ́ àti ti G2 a máa bá ara wọn mu, yàtọ̀ sí àwọn kan tí wọ́n ti pẹ́ gan-an. Ti Encore kò bá ìkankan nínú wọn mu. Ìmú ọwọ́ ti Contender àtijọ́ kò wọ G2. Ìfà ìbọn Contender àtijọ́ rọrùn, ó sì mọ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Encore wúwo, kò sì ní ọ̀pá ọta .22 kékeré tí a lè fi dánra wò pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, èyí tí Contender àti G2 ní. Bí ó bá jẹ́ agbára nìkan ni ẹ ń wá, Encore gba ọta .30-06, kò sì sí èyí tí ó lè bá a dù ú.

G2 rọrùn láti ṣí. Bí ẹ bá fa òòlù rẹ̀ (irin ẹ̀yìn tí ń gbá kí ọta lè yìn) tí ẹ sì dá a padà jẹ́jẹ́, ẹ lè tún un fà láìṣí ìbọn náà. Ti Contender àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ti dá òòlù padà, àfi kí ẹ ṣí ìbọn kí ẹ tó lè fà á mọ́, ṣíṣí rẹ̀ sì le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí àbùkù. Ní tèmi, ní gbogbo ìgbà tí ó bá mú mi ṣí ìbọn, ìka mi a máa kan ẹnu ihò ọta, mo sì máa ń mọ̀ bóyá ọta wà níbẹ̀ láìgbára lé ojú mi.

Ewu kan wà tí àwọn tí ojú wọn dá ṣáká kì í mẹ́nu bà. Ara ìbọn kan tí ó ní ọ̀pá mẹ́rin túmọ̀ sí oríṣi ọta mẹ́rin nínú àpò kan, orúkọ ọta tí wọ́n fín sára ọ̀pá sì kéré, ó dúdú lórí dúdú. Kí ọta tí kì í ṣe ti ọ̀pá wọ inú rẹ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Mo fi téèpù aláwọ̀ mèremère yí ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, irú àwọ̀ kan náà sì wà lára páálí ọta rẹ̀. Páálí kan ṣoṣo ni mo ń gbé lọ sí pápá. Lára òòlù Contender àti G2 ni ohun kékeré tí a ń yí sí ọta .22 tàbí ọta ńlá wà pẹ̀lú, mo sì fi ọ̀dà funfun tó o sí i kí n lè rí i.

Lórí ọ̀rọ̀ òfin: ẹ má ṣe fi ìdí èjìká sí ìbọn yìí nígbà tí ọ̀pá tí kò tó ínṣì 16 bá wà lára rẹ̀, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ kà á sí ìbọn gígùn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, èyí tí ó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹjọ́ lórí Contender gan-an dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní 1992.

Ẹni tí kò bá fẹ́ awò rárá, kí ó na apá rẹ̀ nílé, kí ó mú okùn, kí ẹlòmíràn wọn ọ́n láti ojú rẹ̀ dé irin iwájú, kí ó gé e, kí ó sì mú okùn náà nìkan lọ bá ẹni tí ń ṣe awò ojú, pé kí ó ṣe awò tí yóò rí ibẹ̀ kedere fún ojú tí ó fi ń wo ìbọn. Awò ojú tí ó ní oríṣi agbára mélòó kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọrùn ni yóò máa gbé sókè sódò.

Bí ẹ bá ní ọwọ́ tí ó lágbára, tí ojú yín ṣì dára díẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ pa ẹran ńlá, Encore yóò sìn yín. Bí àtàǹpàkò yín kò bá lágbára, tí ẹ kò fẹ́ jà pẹ̀lú ṣíṣí ìbọn, ẹ ra G2, ẹ kò ní kábàámọ̀. Bí ẹ bá sì rí Contender àtijọ́ tí kò gbọ̀n níbi tí ọ̀pá ti wọ ara rẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tà á, ẹ ṣí i kí ẹ rí i pé kò ní ọta nínú, ẹ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti kọjú rẹ̀ sí ògiri tí kò sí ènìyàn. Ẹ pa ojú dé, ẹ gbé e sókè bí ẹ ṣe máa ń gbé e, kí ẹ wá la ojú. Bí ẹ bá rí àwòrán nínú awò láìyí ọrùn, ẹ sanwó. Bí òkùnkùn bá ni, ẹ ní kí ó yọ awò náà kúrò nínú owó rẹ̀, kí ẹ sì ra ìbọn nìkan.