Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra àáké: ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n rẹ sómi

Àwọn kan ń ta àáké àlòkù bíi tuntun. Ọ̀dà dúdú á máa dán lórí irin, èèkù á há pinpin. Ẹ má jẹ́ kí híhá yẹn tàn yín. Láti alẹ́ tí ọjà ku ọ̀la ni wọ́n ti ti orí rẹ̀ bọ korobá omi. Igi mu omi, ó wú, ihò irin ò sì yẹ̀ fún un, ni igi bá tẹ ara rẹ̀ rún. Tó bá gbẹ, á kéré ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ rárá tí orí á fi máa mì, bó bá sì fò yọ lókè, kò mọ ẹni tó máa bà.

Ẹ wo igi nítòsí irin: èyí tí wọ́n rẹ máa ń dúdú níbẹ̀, ó sì ń tutù lọ́wọ́. Ẹ wo òkè ihò náà. Igi pẹlẹbẹ ló yẹ kó há a. Bó bá jẹ́ ìṣó ni wọ́n kàn jọ síbẹ̀, tàbí bọdí fílà (àtè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò) tí wọ́n kun ọ̀dà lé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ mú fáìlì (irin tí wọ́n fi ń pọ́n nǹkan) dání. Ẹ fi fa ẹnu àáké, ẹ fi fa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu ló yẹ kó le jù. Bí fáìlì bá jẹ méjèèjì bákan náà, wọn ò mú ẹnu rẹ̀ le. Bó bá ń yọ̀ tí kò jẹ ẹ́ rárá, ó ti le jù, á máa kán. Bí ẹnu bá ní àwọ̀ búlúù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi pọ́n ọn ti sun ún. Ọlọ́jà tó bá ní kí fáìlì má kan ọjà òun ti sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n á tún ní, “Tó bá tú, ẹ rẹ ẹ́ sómi.” Irọ́ ni, ihò á dógùn-ún látinú. Igi tó há a ni kí ẹ gbá wọlé sí i, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí ẹ máa fi pamọ́ fún oṣù púpọ̀, ẹ nu oje igi kúrò, kó gbẹ, kí ẹ fi gírísì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa irin. Epo línsíìdì, epo tó máa ń gbẹ sára igi, ni ti èèkù (àdín kì í gbẹ). Tó bá ti mu ún tó, ẹ nu èyí tó kù kúrò. Aṣọ tí ẹ fi nu epo yẹn, ẹ tẹ́ ẹ síta. Tí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ má fi àáké sínú àpò awọ, awọ ń gba ọ̀rinrin mọ́ irin lára. Ẹ gbé e kọ́, kó jìnnà sí símẹ́ńtì àti ààrò.