Nọ́ńbà Kọ́ Ni Kẹ́ Ẹ Sanwó Fún: Garrett ACE 400i, Nokta Legend àti Minelab Equinox Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Ẹni tó bá fẹ́ ra metal detector, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan onírin tó sin sínú ilẹ̀, sábà máa ń bi olùtajà ní ìbéèrè kan: "Tó bá jẹ́ wúrà, ṣé ó máa sọ fún mi?" Olùtajà á ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni.

Ẹ̀rọ náà ò mọ wúrà, kò mọ fàdákà. Kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn àwo roboto tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀, ń ju agbára mágínẹ́ẹ̀tì sínú ilẹ̀, ohun onírin tó bá kàn, ì báà jẹ́ wúrà, bàbà tàbí irin lásán, á dá tiẹ̀ padà, àmọ́ á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Bó ṣe pẹ́ tó ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, òun ló ń sọ di nọ́ńbà fún yín. Bí nǹkan náà ṣe tóbi tó, bó ṣe nípọn tó, àti bí iná mànàmáná ṣe ń rọ́nà gbà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pa pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn. Ìdí nìyẹn tí òrùka wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ àti etí agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí wọ́n ń fà láti ṣí i, fi lè jọ máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Lójú Equinox 800, owó ẹyọ sẹ́ǹtì márùn-ún ti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ 12 tàbí 13. Àgbègbè yẹn gan-an ni etí agolo àti ọ̀pọ̀ òrùka wúrà ń bọ́ sí.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí owó yín rà ni agbára láti tò ẹ̀rọ sí ilẹ̀ tẹ́ ẹ wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yìí ti yàtọ̀ síra.

Nọ́ńbà tó pọ̀ àti nọ́ńbà tó péye

ACE 400i ti ilé iṣẹ́ Garrett ní Amẹ́ríkà ni owó rẹ̀ kéré jù. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 99. Legend, tí Nokta ń ṣe ní Tọ́kì, wà láàárín lówó, nọ́ńbà tiẹ̀ ò sì kọjá 60. 1 sí 10 nínú rẹ̀ jẹ́ ti irin lásán. Equinox ti Minelab, ilé iṣẹ́ Ọsirélíà, ló wọ́n jù. Èyí tó jáde lọ́dún 2018, ìyẹn 800, ń ka nǹkan láti -9 dé 40. Equinox 900 tó gbapò rẹ̀ ń kà á láti -19 dé 99. Lórí àwọn méjèèjì, ohun tó bá wà lábẹ́ 1, irin ni ẹ̀rọ kà á sí.

Ẹ má jẹ́ kí 99 tàn yín. Àlàfo gígùn láàárín nọ́ńbà wúlò tí nọ́ńbà bá dúró sójú kan. Lórí ilẹ̀ tó nírin púpọ̀ nínú, nọ́ńbà tó ń fò láti 62 sí 78 ò sàn ju èyí tó ń lọ láti 31 sí 33 lọ. Ohun tó ń mú nọ́ńbà dúró ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò.

Ground balance

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní irin nínú. Ilẹ̀ pupa wa, irú èyí tó wà káàkiri Iléṣà àti ọ̀pọ̀ ibòmíì nílẹ̀ Yorùbá, irin tó ti pẹtà ló sọ ọ́ di pupa. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ á máa da ohùn ilẹ̀ mọ́ ohùn nǹkan tó sin síbẹ̀. Bí nǹkan náà bá ṣe jìn sí ni àdàlú yẹn ń pọ̀ sí i: owó ẹyọ tó jẹ́ 80 lókè ilẹ̀ lè di 60 tó bá jìn, tó bá tún jìn sí i, ẹ̀rọ á pè é ní irin, ẹ̀yin náà á sì fi í sílẹ̀ lọ.

Lórí Legend àti Equinox, ẹ lè sọ fún ẹ̀rọ bí ilẹ̀ ṣe rí, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ground balance. Ẹ wá ibi tí nǹkan onírin kankan ò sin sí. Ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé kọ́ìlì sókè sódò, láti ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ títí dé nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn á máa bá kọ́ìlì lọ sókè sódò. Díẹ̀díẹ̀ á máa rọlẹ̀ títí tí kò fi ní dáhùn mọ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ilẹ̀ bá yí padà, bóyá ẹ kúrò ní ilẹ̀ dúdú bọ́ sórí ilẹ̀ olókùúta pupa, ẹ tún un ṣe. Àwọn méjèèjì tún lè máa tẹ̀ lé ilẹ̀ fúnra wọn, àmọ́ èmi fẹ́ràn kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

ACE 400i ò ní ground balance téèyàn lè tò. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tò ó síbì kan tí kò ṣe é yí. Ní oko tí wọ́n ti ro dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ìgbà nìyẹn ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lórí ilẹ̀ pupa, ohun tó kù fún yín ni kẹ́ ẹ dín sensitivity kù, ìyẹn bí etí ẹ̀rọ ṣe mú tó, ẹ ò sì ní lè gbọ́ ohun tó jìn mọ́. Fún ẹni tó fẹ́ lò ó nílé lọ́dọ̀ wa, ìdí yìí nìkan tó láti má ra ACE.

Irin tó ń pera rẹ̀ ní fàdákà

Ìṣó tó ti pẹtà tó sì tẹ̀ kọrọdọ, wọ́ṣà, àti ìdérí ìgò lè mú nọ́ńbà gíga wá bíi ti fàdákà. Àdánwò kan wà tó máa ń fi ẹ̀rọ hàn, ẹni tó ń gbé ní Bìrìtìkó sì lè ṣe é kó tó sanwó. Ẹ mú owó péńì kan tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1971 sí 1991, kẹ́ ẹ mú òmíràn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn 1992. Ojú lásán ò lè fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ bàbà ló pọ̀ jù nínú ti àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé láti 1992 ni wọ́n ti ń fi irin ṣe é, tí wọ́n kàn fi bàbà bò ó lójú. Mágínẹ́ẹ̀tì á gbé e. Ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé kọ́ìlì kọjá lórí wọn. Ti àtijọ́ á fún yín ní nọ́ńbà kan tó dúró. Ti tuntun á máa ṣe ségesège, ohùn irin á máa já lu ohùn gíga, pàápàá tẹ́ ẹ bá yí ẹsẹ̀ padà tẹ́ ẹ sì tún gbé e kọjá láti ìhà kejì.

Yíyí ẹsẹ̀ padà yẹn ni ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ yòówù tí ì báà ní lọ́wọ́. Ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró láti ìhà méjèèjì, ẹ gbẹ́ ẹ. Èyí tó bá sọ̀rọ̀ láti ìhà kan tó sì dákẹ́ láti ìhà kejì, irin ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Equinox ní sẹ́tìn tí wọ́n ń pè ní iron bias, Legend sì ní iron filter. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: tí ohùn bá fa irin àti ohun rere pọ̀, ẹ̀rọ á dá ẹjọ́ fún irin. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ìdérí ìgò á dínkù létí yín. Àmọ́ owó fàdákà kékeré tó fara ti ìṣó á bá a lọ. Tí ibi náà bá ti pẹ́, tí ìṣó sì kún ibẹ̀, ẹ gbé e wálẹ̀ kẹ́ ẹ fara da ariwo. ACE 400i ò ní irú rẹ̀. Ohun tó ní ni iron audio, tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ irin tẹ́ ẹ ti ní kó má dún. Ó wúlò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Recovery speed náà wà níbẹ̀. Òun ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń tètè bọ́ lára ohun kan kó tó gbọ́ èkejì. Legend ní 1 sí 10, Equinox 800 ní 1 sí 8. Ẹ tẹ́ ìṣó kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi owó ẹyọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ máa gbé nọ́ńbà recovery speed sókè ní oókan-oókan: ibì kan wà tí ohùn owó á ti ya kúrò lára ìṣó. Tí ó bá yára jù, ẹ ò ní gbọ́ ohun tó jìn mọ́. ACE 400i ò jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án. Kọ́ìlì kékeré ni ẹ lè fi ran án lọ́wọ́.

Àwọn yòókù

Ìgbì (frequency) kan ṣoṣo, 10 kHz, ni ACE 400i ń lò. Legend àti Equinox ń lo ọ̀pọ̀ ìgbì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà wọn dúró lórí iyanrìn etí òkun tí omi iyọ̀ ti rin. ACE á máa pariwo níbẹ̀. Àwọn méjèèjì sì lè lo 40 kHz tẹ́ ẹ bá ń wá wúrà tín-ín-rín.

Sensitivity: tẹ́ ẹ bá gbé e sókè jù lórí ilẹ̀ tó nírin tàbí lábẹ́ wáyà iná ńlá, bí ìgbà téèyàn yí rédíò tí kò mú ibùdó dáadáa sókè ni, ariwo ló ń pọ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ ṣe noise cancel, ìyẹn kí ẹ̀rọ wá ìgbì tí ariwo iná ò ti dí i lọ́wọ́, kẹ́ ẹ gbé fóònù yín jìnnà sí kọ́ìlì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá dín in kù títí ẹ̀rọ á fi fara balẹ̀. Ẹ má sì sọ pé kí gbogbo nọ́ńbà etí agolo má dún mọ́ tó bá jẹ́ òrùka wúrà lẹ̀ ń wá.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Ọmọdé tàbí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ràn rẹ̀, tó sì wà ní ilẹ̀ tó rọ̀: ACE 400i. Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, kò nílò chájà. Ẹni tó fẹ́ tò gbogbo nǹkan bó ṣe wù ú láìná owó Equinox: Legend, òun ni èmi sì máa sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n rà. Ẹni tówó ò ni lára: Equinox 900, tàbí 800 tòkunbọ̀ tó ṣì dára.

Tó bá jẹ́ wúrà odò ní agbègbè Iléṣà ló wà lọ́kàn yín, ẹ dúró ná. Èyí tó bá dà bí iyanrìn kéré jù fún nọ́ńbà. Àwo tí wọ́n fi ń fọ iyanrìn á ṣe é ju ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 sì sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀, ẹ nílò ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ fún coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 14 tẹ́ ẹ bá rí ohun tí òfin ìṣúra (Treasure Act) ti 1996 pè ní ìṣúra. Ní abúlé Hoxne nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1992, òòlù tó sọnù ni Eric Lawes ń wá tó fi kan owó Róòmù tó lé ní 14,000. Ó dúró, ó lọ pe àwọn tó yẹ, ìyẹn ni wọ́n fi lè mọ bí wọ́n ṣe to ìṣúra náà sínú àpótí.

Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ní ó ń tọ́ka sí wúrà láti ọgọ́rùn-ún mítà, tó kàn jẹ́ igi ìdìmú pẹ̀lú ọ̀pá tó ń yí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Irú rẹ̀ ni James McCormick, oníṣòwò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, tà fún ìjọba Iraq bí ẹ̀rọ tó ń wá bọ́ǹbù. Ohun ìṣeré tí wọ́n ní ó ń wá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ló gbé e kà. Ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 2013. Ayédèrú Minelab náà sì kún ọjà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún tòkunbọ̀, ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò serial number rẹ̀ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ fi lọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Tí kò bá fẹ́ yà á, ẹ wá ibòmíì lọ.