DHCP relay: switch layer 2 àbí layer 3, èwo ni kí ẹ rà?

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ ibi tí server DHCP, èyí tó ń pín àdírẹ́sì IP fún àwọn ẹ̀rọ, wà. Ńṣe ló máa ń ké sí gbogbo ohun tó wà nínú VLAN rẹ̀ (apá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀) pé òun ń wá àdírẹ́sì IP. Igbe yẹn kì í kọjá ààlà VLAN. Tí ẹ bá ní VLAN mẹ́fà, tí server sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ nílò switch tó lè gba igbe náà, kó sì gbé e lọ bá server tààrà. Iṣẹ́ relay nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo switch tí wọ́n kọ “DHCP relay” sí ìwé rẹ̀ ló ń ṣe é.

Switch tí a kàn ń ki wáyà bọ̀, tí kò ní ojúewé ètò rárá, ẹ fi sílẹ̀. Kò ní relay.

Switch layer 2 (èyí tí kì í gbé dátà láti VLAN kan sí òmíràn) olówó pọ́ọ́kú ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń pè ní relay kò ju pé kí wọ́n lẹ àfikún tí wọ́n ń pè ní option 82 mọ́ ìbéèrè náà lọ, kí server lè mọ pọ́ọ̀tù tó ti wá. Ó wúlò, ó sì ti wà nínú ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì RFC 3046 láti 2001, ṣùgbọ́n inú VLAN kan náà ni ìbéèrè ọ̀hún ṣì wà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á: ṣé ó máa ń kọ giaddr (àyè àdírẹ́sì relay nínú ìbéèrè) fún VLAN kọ̀ọ̀kan? Tí kò bá lè dáhùn, ẹ ka ìwé ìlò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Switch layer 3, èyí tó lè gbé dátà láti VLAN kan sí òmíràn, ló ń kọ ọ́. Ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú VLAN kọ̀ọ̀kan. Èyí ló ń kọ sí giaddr, òun ni server sì ń wò láti mọ̀ bóyá inú ẹgbẹ́ àdírẹ́sì 10.0.20.0/24 ni yóò ti yan tàbí inú 10.0.30.0/24. Ibẹ̀ náà ni èsì ń padà sí, nítorí náà server gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Nígbà mìíràn tí èèyàn bá rò pé switch ti bàjẹ́, ọ̀nà àbọ̀ yìí gan-an ni kò sí.

Lórí Cisco àti Aruba, ìlà kan lábẹ́ VLAN ti tó: ip helper-address. Lórí Huawei, ẹ ó tan dhcp enable, kí ẹ tó kọ dhcp select relay àti dhcp relay server-ip. Ti Cisco kì í gbé DHCP nìkan o. Ó tún ń gbé irú ìbéèrè mìíràn bíi TFTP, DNS àti NetBIOS, àfi tí ẹ bá fi no ip forward-protocol udp pẹ̀lú pọ́ọ̀tù ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wọn dúró.

Ọ̀pọ̀ switch layer 3 lè pín àdírẹ́sì fúnra wọn láìsí server. Fún ilé iṣẹ́ kékeré, ó tó. Tí switch bá ti di mẹ́rin márùn-ún, èmi yóò yan relay, torí ojú kan ṣoṣo ni ẹ ó ti máa rí ẹni tó di àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan mú.

Tí ẹ bá fẹ́ lo layer 2 fún àwọn yàrá àti Cisco layer 3 láàárín, ẹ rántí pé Cisco máa ń da ìbéèrè tó ní option 82 ṣùgbọ́n tí giaddr rẹ̀ jẹ́ 0.0.0.0 nù. Ẹ kọ ip dhcp relay information trusted sí VLAN náà.