Ilé Ìṣẹ́ Ford ní Piquette: Ibi Tó Yẹ Kí Olùwádìí Kọ́kọ́ Yà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò láyé àtijọ́, kò síbi tó dà bíi mùsíọ́ọ̀mù Piquette ní Detroit, Amẹ́ríkà. Ọdún 1904 ni wọ́n kọ́ ọ, ilé bíríkì alájà mẹ́ta. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 402, ìbú rẹ̀ 56 péré. Nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ilé náà ṣe tínrín: fèrèsé 355 ló ní, bó bá sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àárín á ṣókùnkùn. Ògiri adènà-iná mẹ́ta ló pín in sí mẹ́rin. Ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n, torí ibi tí ògiri wà ló ń sọ ibi tí iṣẹ́ lè gbà kọjá.

Àjà kẹta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yàrá kékeré tí wọ́n ti ya àwòrán Model T, irú mọ́tò Ford kan, ní bòókẹ́lẹ́ wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn máa wá ìlà tó ń rìn, ìyẹn èyí tó ń gbé mọ́tò kọjá níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí níbí! Highland Park, ilé iṣẹ́ Ford mìíràn, ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1913. Ní Piquette, mọ́tò á dúró lójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ á máa gbé ẹ̀yà ara rẹ̀ wá bá a.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó: àwọn mọ́tò tí wọ́n pàtẹ bo ilẹ̀, kò rọrùn láti wọn àyè iṣẹ́. Àlàfo àárín òpó ni kí ẹ wọ̀n. Ẹ sì rántí pé Studebaker, ilé iṣẹ́ mọ́tò mìíràn, ra ilé náà ní 1911. Kì í ṣe gbogbo àmì ara rẹ̀ ló jẹ́ ti Ford.