Bodè Líle àbí Owó Dídẹ̀: Èwo Ló Yẹ Nígbà Ọ̀dá Owó?

Àwọn aládìrẹ Òṣogbo máa ń béèrè pé kí ló dé tí ìjọba ò kúkú fi owó ibodè gọbọi lé aṣọ Ṣáínà tó ń fara wé tiwọn. Ìbéèrè gidi ni, torí ó ń dùn wọ́n.

Owó ibodè yá, ojú sì ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo abọ́ aró aládìrẹ kan: aṣọ funfun tó wà nínú rẹ̀ àti kẹ́míkà aró náà, òkèèrè ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Bodè tó le mọ́ ayédèrú á le mọ́ òun náà. Ewu ẹ̀san tún wà. Ní 1930, Amẹ́ríkà fi òfin gbé owó ibodè sókè, Kánádà àti àwọn mìíràn gbẹ̀san, wọ́n gbé tiwọn náà sókè. Nígbà tó fi di 1933, iye owó òwò àgbáyé ti já ju ìdajì lọ. Òfin yẹn nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ ó dá kún un.

Dídẹ owó, ìyẹn kí báńkì àpapọ̀ dín èlé kù kí owó lè rọrùn láti yá, kì í yára bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já pọ́n-ùn kúrò lára wúrà ní oṣù kẹsàn-án 1931, ìyẹn ni pé wọn ò so iye owó wọn mọ́ wúrà mọ́. Nígbà tó di 1932, èlé báńkì àpapọ̀ wọn ti sọ̀ láti 6% sí 2%. Àwọn orílẹ̀-èdè tó tètè kúrò lórí wúrà ló tètè gbérí. Ewu tiẹ̀ ni ọ̀wọ́n ọjà.

Bí owó ọjà bá ń já wálẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń rà, ẹ dẹ owó. Bí ọjà bá ti wọ́n tẹ́lẹ̀ bíi tiwa, tí ohun èlò sì wà nílé, mo lè fara mọ́ owó ibodè díẹ̀, fún ìgbà díẹ̀.