Òjò Dídì Lójú Aago: Àyẹ̀wò Aago Ọwọ́ Grand Seiko Snowflake

Aago tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí ni SBGA211 ti Grand Seiko, ilé iṣẹ́ aago ní Jàpáànì, èyí tí àwọn tó fẹ́ràn aago mọ̀ sí Snowflake, ìyẹn ègé òjò dídì. Ẹni tó bá wò ó fìrí lè kà á sí aago funfun lásán, nítorí kò ní wúrà, kò ní òkúta iyebíye, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 41 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ẹ sì rọra yí i. Ojú aago náà kò jọ̀lọ̀: ó ga díẹ̀ níhìn-ín, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ kọjá lórí òjò dídì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀. Òjò dídì orí òkè Hotaka, ní agbègbè Shinshu ní Jàpáànì níbi tí wọ́n ti ń ṣe aago náà, ni wọ́n wò ṣe é. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kò sí ọ̀dà funfun kankan níbẹ̀. Fàdákà ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta sí i lára ló ń di funfun lójú wa. Ìdí nìyí tí funfun rẹ̀ kì í fi í dúró sójú kan; lọ́sàn-án, a mọ́ gbòò, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, a máa fà sí àwọ̀ eérú.

Lórí funfun yìí ni ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá aláwọ̀ aró ń rìn. Irin ni, iná ni wọ́n sì fi yan án títí tó fi gba àwọ̀ yẹn. Kì í fò, kì í sì í dún kẹ́kẹ́. Ńṣe ló ń yọ́ lọ. Ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Spring Drive. Sípíríǹgì tó ń ká bí ẹni tó wọ aago ti ń ju ọwọ́ ló ń fún un lágbára, kò sì lo bátìrì. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí ní ìgbà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1. Òun ló ń pèsè iná díẹ̀ fún òkúta quartz, òkúta yẹn ló ń ka àkókò, agbára òòfà sì ń dá kẹ̀kẹ́ náà dúró díẹ̀díẹ̀ kó má baà sáré jù. Ìwọ̀n àṣìṣe tí wọ́n kọ fún un jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15 lóṣù. Bí sípíríǹgì bá ká tán, yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 72. Ọdún 1977 ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Yoshikazu Akahane, ti ro èrò yìí, ọdún 1999 sì ni aago àkọ́kọ́ tó lò ó tó jáde. Ọdún 22 gbáko!

Titanium, irin kan tó fúyẹ́, ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bí ènìyàn ṣe máa rò lọ. Ní ti dídán rẹ̀, ọwọ́ ni oníṣẹ́ fi ń di ara aago mú, tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin róbótó tó ń yí bìrí, ìka àti ojú rẹ̀ ló sì ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́ tó. Bó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ jù, etí tó yẹ kó mú yóò kú. Zaratsu ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Orúkọ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an, Sallaz, ni ahọ́n àwọn ará Jàpáànì yí padà bẹ́ẹ̀. Mo gbé kálámù sí ẹ̀gbẹ́ aago náà, àwòrán rẹ̀ sì tọ́ gbọọrọ láti etí kan dé èkejì, kò wọ́ rárá.

Ohun kan ṣoṣo ni n kò fẹ́ràn: àmì tó ń fi agbára tó ṣẹ́ kù hàn wà lójú aago gan-an, ó sì ń gba ojú ẹni kúrò lára òjò dídì náà. Ẹ̀yìn aago ni ì bá dára kó wà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí wọ́n jọ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, nítorí iná inú ilé ìtajà kì í jẹ́ kí iṣẹ́ ara fàdákà yẹn hàn dáadáa.