Rọ́bà Tó Ń Sun Omi fún Ọgbà Òdòdó: Ohun Tí Mo Rí Nípa Rẹ̀

Nínú gbogbo ohun èlò tí a fi ń tọ́jú òdòdó tí í tún hù láti inú gbòǹgbò rẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nígbà ooru ni rọ́bà dúdú tí omi ń gba gbogbo ara rẹ̀ jáde. Táyà ọkọ̀ tí a lọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, ihò ara rẹ̀ sì kéré débi pé omi kì í tú jáde, ńṣe ló ń sun bí òógùn.

Ìdí òdòdó gan-an ni omi yìí ń lọ. Omi tí a bá fi ẹ̀rọ fọ́n sókè, oòrùn àti afẹ́fẹ́ á ti gba nínú rẹ̀ kó tó dé ilẹ̀, èyí tó bá sì bà sórí ewé tí kò tètè gbẹ máa ń jẹ́ kí àrùn tó ń fi àbàwọ́n sára ewé ráyè. Òdòdó tí orí rẹ̀ wúwo, bíi Phlox, á tún tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa dán. Níwọ̀n bí irú òdòdó wọ̀nyí ti ń gbé ojú kan fún ọdún púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré la ó tẹ́ rọ́bà náà, nígbà ìrúwé tí ewé kò tíì bo ilẹ̀, a ó sì fi í síbẹ̀.

Bí a ṣe tẹ́ ẹ ló ń pinnu bóyá yóò wúlò. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, ìlà kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ilẹ̀ alámọ̀ lè gba ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, nítorí omi máa ń tàn kálẹ̀ nínú rẹ̀. Kí a fi èèpo igi wẹ́wẹ́ bò ó ní ìwọ̀n 5 sí 7 sẹ̀ǹtímítà, kí oòrùn má bàa mú kí rọ́bà náà gan kó sì sán, ṣùgbọ́n kí a má ṣe kó o jọ mọ́ ìdí òdòdó, torí ìdí náà lè jẹrà.

Àléébù rẹ̀ wà, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń tà á máa sọ ọ́ síta. Bí omi ẹ̀rọ bá lágbára jù, rọ́bà náà lè bẹ́, nítorí náà ẹ ra ohun kékeré tí ń dín agbára omi kù mọ́ ọn. Bó bá gùn ju 30 mítà lọ, òùngbẹ lè máa gbẹ òdòdó tó wà ní òpin rẹ̀. Omi tó ní èròjà púpọ̀ máa ń dí ihò rẹ̀, ó sì yẹ kí a máa ṣí ìdérí òpin rẹ̀ kí omi lè fọ inú rẹ̀. Nítorí pé a kì í rí omi náà lójú, ó rọrùn láti bu omi kéré jù: ẹ fi ọkọ́ kékeré wa ilẹ̀ wò, kí ó tutù dé nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà. Ọ̀pọ̀ òdòdó bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bí 25 mìlímítà omi lọ́sẹ̀, òjò pẹ̀lú rẹ̀.

Òdòdó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ṣì nílò omi tí a fi ọwọ́ bu, títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi tàn. Ẹni tí ọgbà rẹ̀ sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, n kò ní kí ó rà á, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi yóò máa ṣàn lọ. Rọ́bà tí ń kán omi tótó-tótó ní iye kan náà láti ojú ihò kọ̀ọ̀kan ni yóò bá ilẹ̀ rẹ̀ mu.